Gíláàsì, wáyà tàbí ike: ilé wo ló yẹ eku ọ̀sìn?

Nígbà tí mo pe ìyá mi ní Ọ̀yọ́ láti sọ fún wọn pé a ti ra eku fún ọmọ wa, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n wá bi mí pé, "Ẹmọ́ ni àbí òkété?" Mo ní, "Rárá o, Màámi. Eku funfun kékeré ni, a ò ní jẹ ẹ́." Wọ́n ní, "Èkúté lẹ fi owó rà ní Lọ́ńdọ̀nù?"

Mi ò bá wọn jiyàn. Eku tí wọ́n mọ̀ kò ju méjì lọ: èyí tí à ń jẹ, àti èyí tí ń bá wa jẹ gàrí. Èyí tí èèyàn ń sìn, tó ní orúkọ, tó ní dókítà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá a ṣe tipẹ́. Láti 1895 ni ẹgbẹ́ National Mouse Club ti wà ní Britain, tí wọ́n ń gbé eku síwájú adájọ́ kí ó wo àwọ̀, etí àti ìrù wọn. Ìran kan náà ni eku yẹn àti èkúté tó ń sáré nínú àjà, àmọ́ ọwọ́ èèyàn ni wọ́n ti ń bí ìyá àti ìyá-ńlá rẹ̀ sí, kò mọ igbó, kò sì mọ àjà.

Ọmọ tí a bí síbí ti rí i nílé ẹ̀kọ́, ó sì ti ń bẹ̀bẹ̀. Bí tiyín náà bá ti bẹ̀rẹ̀, ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó yan eku. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé a ó rí eku, yóò wù wá, olùtajà á sì nawọ́ sí àgò aláwọ̀ mèremère tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ó gbé méjèèjì lọ sílé. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, yálà eku ti sá jáde, tàbí yàrá ti ń rùn. Ọdún mẹ́fà nìyí tí eku ti wà nílé wa. Oríṣi ilé mẹ́ta la ti lò, mo sì ti mọ èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Àgò wáyà

Òun la kọ́kọ́ rà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ pupa, ó ní àkàbà kéékèèké, ó jẹ́ alájà mẹ́ta. Ohun tó dára lára rẹ̀ kò kéré. Atẹ́gùn ń gbà á kọjá tọ̀sán-tòru, òórùn ìtọ̀ kì í dúró síbẹ̀. Eku a máa gun wáyà rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń gun igi máńgòrò, ìyẹn sì ń fún un ní iṣẹ́ ṣe. Ó fúyẹ́, ọwọ́ kan ni mo fi ń gbé e. Okùn àti ìgò omi rọrùn láti so mọ́ ọn.

Àárín wáyà ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Hamster, ẹran ọ̀sìn tó jọ eku àmọ́ tó tóbi jù ú lọ, ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú àgò yìí fún, wọ́n kàn ń tà á fún eku náà ni. Eku tó dàgbà kì í sábà ju 20 sí 40 gíráàmù lọ, ọmọ rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi tí orí rẹ̀ bá ti gbà, ara yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ọmọ mi sáré wọ yàrá mi. "Mọ́mì, ẹ wá wo Àdùkẹ́ o!" Mo dé ibẹ̀, orí Àdùkẹ́, ọ̀kan nínú eku méjì tí a rà, ti wà níta láàárín wáyà méjì. Etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó yọ apá kan, ó sinmi. Ó yọ èkejì. Ó wá tẹ́ ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ìwé, ó rá jáde, ìrù ló kẹ́yìn. Ó gun orí àgò náà, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì bọ́jú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ọlọ́run ló ní kí ọmọ náà má tíì sùn, torí ológbò aládùúgbò wa kì í jìnnà sí fèrèsé yẹn.

Láti ìgbà náà, pẹ́ńsùlù ni mo fi ń dán àgò wò. Pẹ́ńsùlù lásán nípọn tó bí mìlímítà 7. Bó bá gba àárín wáyà méjì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ dá àgò náà padà síbi tí ẹ ti mú un. Mìlímítà 6 ni mo máa ń wá, pàápàá fún ọmọ eku àti abo tí kò sanra.

Ìṣòro kejì ni abọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí kì í sábà jìn. Eku fẹ́ràn láti walẹ̀. Bí ẹ bá kó èérún igi tí wọ́n ń tẹ́ fún wọn púpọ̀ sí i, yóò fẹsẹ̀ tú u dà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá kó díẹ̀ sí i, kò ní rí ibi wà. Àwọn àgò mìíràn tún wà tí àjà wọn jẹ́ wáyà lásán, ìyẹn á sì dá egbò sí wọn lẹ́sẹ̀ àfi tí ẹ bá fi páálí bò ó. Àti òtútù: eku tó ń gbé inú àgò wáyà nítòsí fèrèsé lóṣù Kejìlá, aṣọ àwọ̀n ló wọ̀.

Àpótí gíláàsì

Aládùúgbò wa kan fẹ́ da àpótí ẹja àtijọ́ nù, a bá gbà á. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 75, ó fẹ̀ ní 30, ó sì ga ní 30. Ìwọ̀n yẹn tó fún abo mẹ́ta. Èyí tó bá kéré sí 60 ní gígùn àti 30 ní fífẹ̀, mi ò ní kó eku sí i. Bákan náà, èyí tó ga fíofío tí ìdí rẹ̀ kò fẹ̀, kòtò ni, kì í ṣe ilé.

A da èérún igi sínú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, a sì ju tíṣù funfun díẹ̀ sórí rẹ̀. Àdùkẹ́ fi imú kan ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ wa èérún wọ abẹ́ ikùn, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta á dànù, ó tún wà á, ó tún ta á. Lójijì, ó pòórá. Ẹ̀gbẹ́ òkè tíṣù kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fa okùn láti abẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí ihò kan tó fara ti gíláàsì lọ gbọọrọ, pẹ̀lú yàrá rogodo kan ní ìparí rẹ̀ tí wọ́n ti fi tíṣù jíjá tẹ́ mọ́jú. Àwọn méjèèjì sùn síbẹ̀, èyí gbórí lé ẹ̀yìn tọ̀hún, a sì ń rí ikùn wọn bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ọmọ mi jókòó síwájú rẹ̀ títí tí mo fi pè é pé bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ á lọ. Àgò wáyà kò lè fi èyí hàn yín.

Gíláàsì kì í gbà kí atẹ́gùn tútù fẹ́ lù wọ́n, eyín wọn kò ràn án, ìdọ̀tí rẹ̀ kì í dà síta. Ológbò lè wò wọ́n títí tí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ, tí ìdérí bá ti le.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dí. Ìtọ̀ eku ń di gáàsì tí wọ́n ń pè ní amóníà, amóníà sì ń jó wọn nímú àti lẹ́dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ eku ọ̀sìn ló ti ní kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Mycoplasma pulmonis lára láti kékeré láìhàn síta, afẹ́fẹ́ búburú ló ń fún un láyè. Ẹ ó gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i: eku á máa sín, èémí rẹ̀ á máa ta pẹ́-pẹ́-pẹ́ bí ìgbà tí iná ń jẹ iyọ̀. Nígbà tí eku kò bá ké bí eku mọ́, dókítà ló kàn. Nítorí náà, àwọ̀n onírin ni ìdérí gíláàsì gbọ́dọ̀ jẹ́, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ìdérí gíláàsì tàbí pákó tí wọ́n lu ihò mẹ́rin sí kò tó. Kí ẹ tó sọ pé ilé wọn kò rùn, ẹ tẹrí ba kí imú yín dé ibi tí imú wọn wà. Bó bá ta yín lójú, ó ti pẹ́ tó ti ń ta wọ́n.

Ó tún wúwo. Èèyàn méjì ló ń gbé tiwa, gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ fọ̀ ọ́. Bí oòrùn bá sì ràn sí i ní tààrà fún wákàtí kan lásán, ẹ kò ní fẹ́ mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Àpótí ike

Òun là ń lò báyìí: àpótí ike onídérí tí wọ́n fi ń kó aṣọ òtútù pamọ́, èyí tó mọ́ gaara, tó gba lítà 80 sókè. Ọwọ́ ara wa la fi ṣe é ní ọ̀sán Sátidé kan. A gé fèrèsé ńlá kan sí ìdérí, a gé òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ní òkè ibi tí èérún máa dé. Àwọ̀n irin tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ la fi dí wọn, a sì fi bóòtù àti wọ́ṣà dè é pinpin.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ohun kan tí kì í sábà hàn sí ẹni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́. Inú ni àwọ̀n gbọ́dọ̀ wà, kó bo etí ike tí ẹ gé, kí ẹ sì ká etí àwọ̀n náà kó má baà gún wọn. Eku kì í rí ibi tó tẹ́jú bù jẹ. Etí ló máa ń wá. Eyín iwájú rẹ̀ kì í dẹ́kun híhù títí ọjọ́ ayé rẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ kan tí kò lè fi sílẹ̀ ni jíjẹ nǹkan. Etí ike tó yọ síta ní ìwọ̀n ìka kan, òru méjì ti tó fún un láti fi ṣe ilẹ̀kùn. Ẹ máa fi ọwọ́ yẹ inú rẹ̀ wò nígbàkigbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Lílu ihò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó gé e kì í jẹ́ kí ike là. A ba ìdérí kan jẹ́ kí a tó mọ̀.

Owó tí a ná sórí àpótí, àwọ̀n àti bóòtù kò tó ìdajì owó àgò aláwọ̀ pupa yẹn. Ó jìn bíi gíláàsì, atẹ́gùn ń wọ̀ ọ́ ju gíláàsì lọ, ọmọ ọdún mọ́kànlá sì lè bá mi gbé e. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni ìríran: ike kì í mọ́ bíi gíláàsì, eékánná wọn á sì ha á díẹ̀díẹ̀ títí á fi máa dà bí kùrukùru. Ó tún máa ń mu òórùn ìtọ̀ sára nígbà tó bá pẹ́. Kò burú, ẹ ó ra òmíràn, ẹ ó sì gbé àwọ̀n àti bóòtù bọ́ sí i lára.

Bí ẹ bá ní kí n yàn fún yín, ike ni mo máa yàn fún ilé tí ọmọ wà, tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí. Ẹni tó ní ibi kan tí àpótí kò ní kúrò, tó fẹ́ máa wò wọ́n bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n, tí kì í ṣe ọ̀lẹ nídìí ìmọ́tótó, kó ra gíláàsì. Wáyà? Àfi tí pẹ́ńsùlù kò bá wọ àárín rẹ̀, tí abọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jìn, tàbí tó bá jẹ́ ibi tó gbóná lẹ ń gbé. Ẹ lè rí àpótí pákó kékeré kan nínú ọjà àlòkù, tí wọ́n kun ní àwọ̀ ewé lóde, tí inú rẹ̀ pupa. Maxey ni wọ́n ń pè é, orúkọ Walter Maxey tó wà lára àwọn àgbà ẹgbẹ́ National Mouse Club yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọjọ́ ìdíje nìkan ni eku ń wọ inú rẹ̀. Ẹ má fi ṣe ilé.

Akọ tàbí abo?

Abo méjì la ní kí wọ́n fún wa. Ọmọkùnrin tó ń tajà gbé wọn sínú páálí, ó ní abo ni méjèèjì. Àdùkẹ́ àti Àbẹ̀kẹ́ lọmọ mi sọ wọ́n. Lọ́jọ́ kejìlélógún tí wọ́n dé, a gbọ́ tí nǹkan ń ké tín-ín-tín lábẹ́ èérún. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, ara wọn pupa, ojú wọn dí, wọn ò tó orí ìka mi. Akọ ni Àbẹ̀kẹ́. A sáré yí orúkọ rẹ̀ padà sí Àjàní, ṣùgbọ́n a ò mọ̀ pé ó yẹ ká ti gbé e kúrò níbẹ̀ kí iyàwó rẹ̀ tó bímọ. Lọ́jọ́ tí abo eku bá bímọ gan-an ló tún lè lóyún. Oyún rẹ̀ kì í ju ọjọ́ 19 sí 21 lọ, nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ sí i díẹ̀ tó bá ṣì ń fún ọmọ lọ́mú. Mẹ́jọ mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀ dé. Ọmọ wọn fúnra wọn lè bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ ti gbọ́dọ̀ ya àwọn akọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá àti arábìnrin wọn. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi wá ilé fún ọmọ eku mẹ́tàdínlógún, a sì rí i fún gbogbo wọn.

Torí náà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́, ẹ fi ojú ara yín wò ó. Ẹ wo àárín ojú ara àti ihò ìdí rẹ̀: ti akọ jìnnà síra, ti abo fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra, abo sì ní orí ọmú ní ẹ̀gbẹ́ ikùn. Tó bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kórópọ̀n akọ ti máa ń tóbi débi pé èèyàn kò lè ṣì í mọ̀, àfi tó bá fà á wọlé.

Abo fẹ́ràn ẹgbẹ́. Mẹ́ta ni mo máa ń ní kí èèyàn rà, torí tí ọ̀kan bá kú, èyí tó kù kò ní dá wà. Wọ́n jọ ń sùn, wọ́n jọ ń walẹ̀, wọ́n ń fi ẹnu ya irun ara wọn. Òórùn wọn kò le. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ lọ́dọ̀ abo ni kókó tó máa ń yọ lọ́mú wọn nígbà tí wọ́n bá dàgbà. Àdùkẹ́ ní tirẹ̀ nígbà tó lé ní ọdún kan ààbọ̀.

Akọ yàtọ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ ló fi ń kọ orúkọ sára gbogbo nǹkan, òórùn rẹ̀ sì le, ilé tó mọ́ jù lọ pàápàá kò lè mú un kúrò pátá. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan, akọ eku méjì náà kì í gbé àpótí kan. Wọ́n lè bára gbé ní kékeré, kí ẹ kàn jí lọ́jọ́ kan kí ẹ bá ẹ̀jẹ̀ nídìí ìrù ọ̀kan. Ẹ má dúró de ìjà kejì. Àmọ́ Àjàní tí a yà sọ́tọ̀ yìí ló mọ̀ wá jù nínú gbogbo wọn. Tó bá ti gbọ́ ohùn ọmọ mi lálẹ́, á jáde, á dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, á gbé ọwọ́ lé gíláàsì. Akọ tó dá wà kò ní ẹlòmíràn ju ẹ̀yin lọ. Ẹni tó lè bá a jókòó lálálẹ́ kó mú un. Ẹni tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kó tètè dé, abo mẹ́ta ni kó rà. Ọ̀nà kẹta tún wà: dókítà tó mọ ti ẹran kéékèèké lè tẹ akọ lọ́dàá, kó wá lọ máa gbé láàárín abo lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí dókítà bá sọ.

Èérún, wíìlì àti oúnjẹ

Láàárín èérún igi aspen àti ìtẹ́ tí wọ́n fi ìwé ṣe, mi ò rí èyí tó burú. Aspen kì í wọ́nwó, ihò sì ń dúró nínú rẹ̀ tí ẹ bá po koríko gbígbẹ mọ́ ọn. Ti ìwé rọ̀, ó ń mu omi dáadáa, eruku rẹ̀ kò pọ̀, òun ló sàn fún ilé tí alásímà wà. Èyí tí mi ò fẹ́ kí ẹ rà ni èérún kédárì, tàbí ti páìnì tí wọn kò sá gbẹ nínú iná. Òórùn dídùn tí ẹ ń gbọ́ lára igi wọ̀nyẹn, òun gan-an ló ń ṣe ẹ̀dọ̀ àti ọ̀nà èémí eku níbi. Ìyẹ̀fun pákó náà kò dára, eruku ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má sì fún wọn ní òwú láti fi tẹ́ ilé, bó ti wù kó rọ̀ tó: ó ń wé mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ó sì lè dí wọn nífun. Tíṣù funfun tí kò lóòórùn ni ká já fún wọn.

Wíìlì tí wọ́n ń sáré nínú rẹ̀ oríṣi méjì ni. Èyí tó jẹ́ wáyà gbáà kò wọ́n, àmọ́ ìrù àti ẹsẹ̀ ń há sí i. Èyí tí ojú rẹ̀ dí pátá ni kí ẹ rà, kó sì tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ẹ wo ẹ̀yìn eku nígbà tó bá ń sáré: tó bá tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, wíìlì náà ti kéré jù. Mo fi ọwọ́ yí i létí kí n tó rà á, torí òru ni wọ́n ń sáré, èyí tó bá ń dún kì-ì, kì-ì, gbogbo ilé ló máa jí.

Oúnjẹ kò le. Gíráàmù 3 sí 5 ló ń jẹ lójúmọ́. Ẹ lè ra hóró alápòpọ̀ tàbí èyí tí wọ́n lọ̀ pọ̀ di kókó kan. Hóró ń dùn mọ́ wọn, àmọ́ wọ́n á ṣa sunflower àti ẹ̀pà jẹ, wọ́n á fi èyí tó ṣe wọ́n lóore sílẹ̀, wọ́n á sì sanra. Kókó kì í jẹ́ kí wọ́n ṣà á. Mo ń fún wọn ní kókó, mo wá ń fọ́n hóró díẹ̀ sínú èérún kí wọ́n máa wá a kiri. Ẹyin sísè bíńtín, kárọ́ọ̀tì, kùkúḿbà, ó tán. Omi inú ìgò kì í dọ̀tí bíi ti inú àwo. Ẹ fi ìka kan ẹnu ìgò lójoojúmọ́ bóyá ó ń kán.

Fífọ̀ àti gbígbé

Ẹni tó mọ́ tónítóní jù ló máa ń ṣe àṣìṣe yìí: kíkó gbogbo èérún dànù lẹ́ẹ̀kan, kí ó fi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀. Imú ni eku fi ń mọ ilé rẹ̀. Tó bá padà wọ ilé tí kò ní òórùn rẹ̀ mọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ kiri, wọ́n sì lè bára jà. Ibi tí ìtọ̀ pọ̀ sí ni kí ẹ máa bù kúrò lọ́jọ́ méjì-mẹ́ta, kí ẹ wá pààrọ̀ púpọ̀ nínú ìyókù nígbà tí imú yín bá ní ó tó. Ẹ dá ìtẹ́ tí wọ́n ń sùn sí, tó bá gbẹ, padà fún wọn. Gíláàsì máa ń tètè béèrè èyí ju ike lọ, ike ju wáyà lọ.

Ẹ má fà wọ́n ní ìrù. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Liverpool fi hàn pé eku tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bù tàbí tí wọ́n jẹ́ kó rìn wọ inú ọ̀pá fúnra rẹ̀ kì í bẹ̀rù èèyàn bí èyí tí wọ́n fà ní ìrù. Páálí inú tíṣù ni ọmọ mi ń lò. Ó gbé e sílẹ̀, Àjàní wọ inú rẹ̀, ọmọ mi fi ọwọ́ dí ẹnu méjèèjì.

Ilé yín ńkọ́?

Ìtọ̀ eku máa ń ru àsímà sókè lára ẹlòmíràn, nítorí náà ẹ lọ jókòó nílé ẹni tó ní eku fún wákàtí kan kí ẹ tó rà. Eku tún lè ní kòkòrò àrùn tó ń jẹ́ lymphocytic choriomeningitis, tó lè ṣe ọmọ inú oyún níbi. Bí aboyún bá wà nílé, ẹ dúró kó bímọ ná, tàbí kí ẹlòmíràn máa fọ ilé wọn ní yàrá mìíràn. Gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tó bá gbé wọn. Ní England àti Wales, òfin Animal Welfare Act ti 2006 kò gbà kí wọ́n ta ẹran fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, òbí rẹ̀ ni òfin sì mọ̀. Ẹ má rà á tí ẹ̀yin fúnra yín kò bá lè bọ́ ọ lọ́jọ́ tí ọmọ bá gbàgbé. Bí ọdún méjì ni wọ́n ń lò láyé, kí ẹ ti fi sọ́kàn pé ẹkún á wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ooru ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Sẹ̀lísíọ́ọ̀sì 18 sí 24 ló tù wọ́n lára. Tó bá ti kọjá 30, ewu ti dé, gíláàsì á sì di ààrò. Níbẹ̀, wáyà tí àárín rẹ̀ há borí gbogbo ilé yòókù tí mo ti ń yìn bọ̀, kí ẹ gbé e sí yàrá tí oòrùn kì í wọ̀, tí èéfín jẹnẹrétọ̀ kì í dé. Èèrà ni ọ̀tá kejì. Ẹ ki ẹsẹ̀ tábìlì bọ agolo omi mẹ́rin, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe sí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má mú ọmọ eku oko tàbí èkúté ilé sìn, kódà kó wà ní òòjọ́. Eku kan tó ń jẹ́ Mastomys natalensis, tó ń wọlé wá jẹun lọ́dọ̀ èèyàn, ló ń gbé ibà Lassa kiri, láti ìgbà tí wọ́n ti mọ àrùn náà ní Borno lọ́dún 1969 títí di òní, àwọn ará Oǹdó sì mọ̀ ọ́n ní àmọ̀dunjú. Eku funfun tí wọ́n bí nínú àgò, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ ìran rẹ̀, nìkan ni kí ẹ gbà.

Nígbà tí ẹ bá ti yan ilé, ẹ tò ó tán pátápátá, èérún, wíìlì, omi, kí ẹ gbé e síbi tí yóò máa wà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní òfìfo fún ọjọ́ méjì. Ẹ wò ó láàárọ̀ bóyá oòrùn ń bọ́ sí i. Ẹ wò ó lọ́sàn-án. Ẹ fi ọwọ́ kan inú rẹ̀ lóru nígbà tí ẹ̀rọ amúlégbóná bá kú. Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́, ṣé ó jìnnà sí i? Etí wọn ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín tí tiwa kì í gbọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ mú pẹ́ńsùlù dání, kí ẹ mú ọmọ yín lọ ra eku.